Ọjọ́ Tí Nóòdù Kò Dìde

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Ẹ̀gbọ́n wọ bàálù lọ sí ìlú òyìnbó ni iṣẹ́ tó fi lé mi lọ́wọ́ dẹnu kọlẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi níti ìbí. Ibi iṣẹ́ la ti pàdé, ní Yábàá, ní àjà kẹta ilé kan tí àwọn tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Òun náà kì í pè mí ní nǹkan mìíràn ju Àbúrò lọ. Òun ló gbé gbogbo ẹ̀rọ iṣẹ́ wa kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí físà rẹ̀ jáde, ó kọ̀wé fún ọ̀gá wa pé òun ń lọ, ó wá fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó tì mí, ó ń fi ohun gbogbo hàn mí bí ẹni tó ń fi ilé han ayálégbé tuntun: suwíìṣì rèé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn rèé, páìpù tó máa ń jò rèé.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá ti gbé aláìsàn dé hosipítù l'Ékòó rí. Àwọn láàbù kan wà ní Yábàá àti Sùúrùlérè tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sínú fìríìjì. Àwọn hosipítù kéékèèké sì wà ní Mùṣín, ní Mákòókó, ní ẹ̀yìn Tẹ́júoṣó, tí wọn kì í ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí aláìsàn bá nílò ẹ̀jẹ̀, ará ilé rẹ̀ ni yóò mú ìwé lọ́wọ́, tí yóò máa sáré láti láàbù kan sí òmíràn. Ọ̀gá wa, obìnrin tó ti ṣe dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀, máa ń sọ pé eré sísá yẹn ń pa èèyàn ju àìsàn lọ. Dókítà náà la ṣì ń pè é.

Ohun tí a ṣe ni pé nọ́ọ̀sì yóò fi fóònù rẹ̀ béèrè ẹ̀jẹ̀, láàbù yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò títí wọn yóò fi rí èyí tó bá ti aláìsàn mu, wọn yóò sì fi nọ́ńbà àpò ẹ̀jẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ wa. Nọ́ńbà nìkan ló máa ń wà lára àpò. Orúkọ ẹni tó ni ín, inú ẹ̀rọ wa ló wà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e fún ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àwa fúnra wa la lọ láti láàbù dé láàbù láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ tì. Mo wà lára àwọn tó lọ. Mo rántí pé mo sọ fún àgbà kan ní láàbù Yábàá pé ìwé lè jóná, ó lè tutù, eku lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wa kò lè sọnù.

Ẹ̀rọ náà kò sí ní Yábàá. Orí àwọn kọ̀ǹpútà tí a yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun ló wà, kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fojú rí rí. A pín iṣẹ́ wa sí wẹ́wẹ́, a di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ohun tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní kọ́ńténà, àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ló sì ń ru àwọn kọ́ńténà náà bí alábàárù ṣe ń ru ẹrù. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan là ń pè ní nóòdù. Mẹ́ta la ní, wọ́n jọ wà nínú agbo kan. Bí nóòdù kan bá kú, agbo fúnra rẹ̀ ni yóò dá òmíràn sílẹ̀ dípò rẹ̀, kí a tó mọ̀ rárá.

"Bí alábàárù kan bá ṣubú, òmíràn á gbé ẹrù ẹ̀," Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ tó lò kẹ́yìn ní ọ́fíìsì. "Má bẹ̀rù, Àbúrò. Agbo yìí mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara ẹni."

Mo gbà á gbọ́. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Ó ti di ẹrù tán, ọkàn rẹ̀ ti kọjá òkun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wàhálà náà dé. Òjò ti ń rọ̀ láti àná, mo sì rin omi láti ojú títì dé ọ́fíìsì, mo gbé bàtà mi lọ́wọ́. Aago mẹ́jọ kò tíì lù. Mo ṣí láptọ̀ọ̀pù mi, mo wo agbo gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń wò ó ní gbogbo àárọ̀, mo rí i pé nóòdù kan ṣoṣo ló kù. Ilé iṣẹ́ òkè òkun yẹn ti mú méjì kúrò láàárọ̀ kùtù láti tún wọn ṣe. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni méjì mìíràn yẹ kó ti rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn, nóòdù tuntun á yọ orí, wọ́n á kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ó ń bọ̀, yóò dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ á wá di pupa. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju pé dídá nóòdù náà sílẹ̀ kò ṣeé ṣe, nóòdù náà kò darapọ̀ mọ́ agbo. Wọn kò sọ ìdí. Lẹ́yìn náà agbo á tún bẹ̀rẹ̀, yóò tún di pupa.

Mo ṣì ń wò ó nígbà tí fóònù ọ́fíìsì dún. Nọ́ọ̀sì àgbà ní hosipítù kan ní Mùṣín ni. Mo mọ ohùn rẹ̀. Òun ló máa ń pè wá jù.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀rọ yín ò ṣí fún mi."

"Ẹ káàárọ̀ mà. A ti rí i, a ti ń ṣe é lọ́wọ́."

"Ìgbà wo ló máa ṣí?"

"Kò ní pẹ́ mà."

Mi ò mọ̀ bóyá yóò pẹ́ tàbí kò ní pẹ́. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Aboyún kan wà lọ́dọ̀ wọn, ọmọ dábùú nínú rẹ̀, aago mọ́kànlá ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀jẹ̀ ya lára obìnrin yìí gan-an nígbà tó bí èyí tó ṣáájú, wọ́n sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbà náà, láti ìgbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í bá ti ẹlòmíràn rẹ́ bọ̀rọ̀. Ó gba láàbù Yábàá ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó rí àpò kan tó bá a mu.

"Nọ́ńbà àpò yẹn ni mo fẹ́, ọmọ mi," ó ní. "Nọ́ńbà yẹn nìkan."

Nọ́ńbà náà kò sọnù. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, títí di òní. Ó wà nínú ibi ìpamọ́ wa lẹ́yìn agbo, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo tó dé ibẹ̀ gba inú agbo kọjá. Ẹ̀gbọ́n ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kí olè má baà ráyè wọlé. Nóòdù kan tó kù ń gbìyànjú láti ru ẹrù ẹni mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ wa láàárọ̀ yẹn á rí ojú ewé funfun, kò sì ní rí ohun mìíràn ju àdírẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì wa lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nóòdù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà, nítorí náà mo kọ́kọ́ wò ó bóyá àdírẹ́ẹ̀sì ti tán. Kò tán, ó kù rẹpẹtẹ. Mo wò ó bóyá a ti kọjá iye nóòdù tí wọ́n gbà wá láyè láti ní. A kò kọjá rẹ̀. Mo rò pé bóyá ohun tí wọ́n fi ń jí nóòdù ló bàjẹ́, mo fi ti àtijọ́ rọ́pò rẹ̀, mo jókòó, mo ń wo ojú ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Pupa. Mo rò pé bóyá ilẹ̀kùn tí nóòdù fi ń bá agbo sọ̀rọ̀ ló tì, mo ṣí i gbayawu, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe, mo tún dúró. Pupa. Ohun tí ìdúró yẹn máa ń ṣe fún èèyàn ni pé ó ń fún un ní ìrètí ní gbogbo ìgbà. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dà bí ẹni pé ó ti tán. Nóòdù á yọ orí, á dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọlé, màá máa bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi, á sì kú.

Mo wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí ẹnì kan tó ti béèrè irú ìbéèrè mi gẹ́lẹ́ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tó kọ bá tèmi mu láìku ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ lọ́jọ́ kejì pé òun ti rí ojútùú rẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Kò sọ ohun tí ojútùú náà jẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá ku díẹ̀, nóòdù kan tó kù náà ṣubú. Agbo ṣófo.

Dókítà wọlé nígbà náà, ó gbọn agbòjò rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti rí i lójú mi kí n tó sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé?"

"Nóòdù ò dìde mà. Gbogbo ẹ̀ ti lọ."

"Kí ló fà á?"

"Mi ò mọ̀ mà."

Ó wò mí. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Mo rí i pé ó ń wá ìbéèrè mìíràn tó lè bi mí, kò sì rí i, nítorí kò mọ iṣẹ́ tèmi bí èmi náà kò ṣe mọ tirẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ aboyún Mùṣín fún un. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó pe láàbù, ó sì fi í sórí sípíkà.

Àgbà láàbù ọjọ́sí ló gbé e. Ó ní àpò mẹ́rin tó jọra ló wà nínú fìríìjì òun, nọ́ńbà wà lára wọn, ṣùgbọ́n òun kò mọ èyí tó jẹ́ ti obìnrin náà nínú wọn, òun kò sì ní fi ojú lásán mú ẹ̀jẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ẹ ò kọ ọ́ síbì kankan ni, sà?" Dókítà bi í.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má kọ ọ́ sínú ìwé mọ́, Dókítà."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ó kàn dáhùn ìbéèrè ni. Mo tẹjú mọ́ láptọ̀ọ̀pù mi.

Dókítà ní kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n tún àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà. Ìyẹn ni pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ ní Mùṣín, kí ẹnì kan gbé e wá sí Yábàá nínú òjò. Ó pe nọ́ọ̀sì, ó sọ fún un. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó dáa mà." Eré sísá tí a ní a fẹ́ pa rẹ́, àwa fúnra wa la tún ní kí wọ́n sá a.

Mo ti ń pe Ẹ̀gbọ́n láti aago mẹ́sàn-án. Kò gbé e. Mo mọ ìdí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nísinsìnyí, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, fóònù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títí di ìgbà ìsinmi. Ó ti sọ fún mi nínú ohùn tó fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó sọ ọ́ bí àwàdà. Ọkùnrin tó lè gbé agbo ẹ̀rọ kalẹ̀ láti inú òfo. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nóòdù ò dìde. Mo tún kọ òmíràn. Mo tún kọ òmíràn.

Aago mọ́kànlá kù díẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Mo rò pé àwọn tó ń tẹ káàdì nísàlẹ̀ ni. Ọkùnrin kan ló dúró síbẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fúláàsì kékeré kan mú mọ́ àyà. Òwú dúdú lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí," ó ní. "Ṣé níbí ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀?"

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Nọ́ọ̀sì Mùṣín ti sọ fún un pé kó gbé ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ sí láàbù, ṣùgbọ́n ó tún ṣí ẹ̀rọ wa wò lórí fóònù láti rí ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo tó hàn lójú ewé funfun yẹn sì ni àdírẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì wa, nísàlẹ̀ pátápátá. Ó tẹ̀ lé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá ní ojú títì, ó sì rin ìyókù.

Ó ń wo inú yàrá náà: àwọn tábìlì, láptọ̀ọ̀pù, àga, ìkòkò kọfí. Ó ń wá fìríìjì.

"Kì í ṣe ibí, sà," mo ní. "Láàbù wà ní òpópónà kejì. Àwa... ẹ̀rọ la ń bójú tó níbí."

"Ẹ̀rọ tí ò ṣiṣẹ́ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mi orí. Mo wẹ̀yìn wo láptọ̀ọ̀pù mi, nóòdù kan tún ti yọ orí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń bọ̀. Mo pa láptọ̀ọ̀pù dé. Mo mú agbòjò Dókítà.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," mo ní. "Mo mọ ibẹ̀."

Dókítà kàn juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ. Ó wà lórí fóònù pẹ̀lú hosipítù mìíràn. Èmi àti ọkùnrin náà jọ rìn. Mo ń na agbòjò lé e lórí, ó ń tì í padà sí ọ̀dọ̀ mi, ó ní kí n sáà bo fúláàsì, òun ti tutù tán. Omi ti kún kòtò dé ojú ọ̀nà, a ń gba orí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé ìjókòó mọ́tò lòun ń rán, pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí nọ́ọ̀sì pè. Pé ọmọ méjì ló wà nílẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ rékọjá ibi kan tí omi ti pọ̀, ó dúró.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú lẹ ti rí i."

"Wọ́n ti rí i, sà."

"Ibo ló wá lọ?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní kò lọ síbì kankan, inú fìríìjì náà ló wà, a kàn ò mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń ti ẹnu mi jáde. Ó wo ojú mi bí ẹni pé nǹkan kan ṣì kù tí mo fẹ́ sọ, ó sì dúró dè é. Kò sí. A rékọjá.

Ní láàbù, àgbà náà gba fúláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá inú lọ. Ó ní yóò ju wákàtí kan lọ, nítorí irú ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kánjú yẹ̀ wò. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó yẹ kí n padà sí ọ́fíìsì. Mo sọ fún ara mi pé màá lọ láìpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò dìde. Tí mo bá padà, ojú pupa yẹn ni màá tún máa wò. Níbí, ó kéré tán, ẹnì kan wà nínú yàrá tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọkùnrin náà ń fa òwú dúdú kúrò lára apá ẹ̀wù rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń ká a mọ́ ìka. Fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ́tí sí i, ó ní "Hẹn," ó ní "Hẹn," ó gbé e sílẹ̀.

"Wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ," ó ní. "Wọ́n ní ọkàn ọmọ ń lọ sílẹ̀, àwọn ò lè dúró de ẹ̀jẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ọlọ́run á kó o yọ," ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ. Ó ní àmín.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù tèmi dún. Ẹ̀gbọ́n ni. Mo jáde sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ ariwo àwo lẹ́yìn rẹ̀, bí ibi tí wọ́n ti ń jẹun.

"Àbúrò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ṣàlàyé fún mi, má kánjú."

Mo ṣàlàyé. Àdírẹ́ẹ̀sì, iye, ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀. Ó ń dá mi lóhùn pé "ehn, ehn," bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá jókòó tì mí. Ó wá bi mí pé ta ni agbo ń fi orúkọ rẹ̀ dá nóòdù sílẹ̀.

"Bí ti báwo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Agbo ò lè dédé dá nóòdù sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ orúkọ ẹni tó láṣẹ. Orúkọ mi ni mo fi sí i nígbà tí mo ń gbé e kalẹ̀. Ṣé orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀?"

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, Dókítà ti ní kí n yọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kúrò lára àwọn tó láṣẹ lórí ẹ̀rọ wa. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni. Mo yọ tirẹ̀ kẹ́yìn, ó tiẹ̀ dùn mí díẹ̀, torí ó dà bí ìgbà tó tún ń lọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn nóòdù tó wà láàyè ń ṣiṣẹ́ lọ. Kò sí ohun tó hàn, àfi ìgbà tí agbo nílò òmíràn.

"Mo yọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ Jímọ̀."

Mo ń gbọ́ ariwo àwo.

"Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ," ó ní níkẹyìn. "Ó yẹ kí n ti gbé àṣẹ yẹn fún ẹ kí n tó lọ. Mo rò pé mo ti ṣe é. Mo gbàgbé, Àbúrò."

"Báwo la ṣe máa dá a padà?"

"Èmi nìkan ni mo láṣẹ láti fún ẹlòmíràn láṣẹ. Tí orúkọ mi bá ti lọ, àwọn tó ni kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló lè dá a padà. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Kí Dókítà kọ ọ́, òun ló ni ilé iṣẹ́." Ó tún ní, "Wọ́n ń pè mí. Ìsinmi mi ti tán." Ó dúró díẹ̀ sí i lórí fóònù, bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ kan nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, kó tó gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé padà, àgbà láàbù ti ń di àpò kan sínú kúlà pẹ̀lú áìsì. Ó ti rí i. Ẹ̀kẹta tó yẹ̀ wò ni. Ọkùnrin náà gbà á bí ẹni tó ń gba ọmọ tuntun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà, ó yíjú sí mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà. Ó ti jáde kí n tó dáhùn. Mo rí i tó ń sáré gba orí búlọ́ọ̀kù, kò na ẹsẹ̀ gígùn kí kúlà má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà kọ̀wé sí àwọn òkè òkun. Ìdáhùn dé lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gba ìwé wa, àwọn yóò dá wa lóhùn láìpẹ́. Ẹ̀rọ ló kọ ìyẹn. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n ní kí Dókítà fi ẹ̀rí hàn pé òun ló ni ilé iṣẹ́. Ó fi hàn. Wọ́n tún ní kó fi òmíràn hàn. Àwọn hosipítù ń pè, mo ń gbé fóònù, mo ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n pe láàbù fúnra wọn. Mo sọ fún Dókítà pé èmi ni mo yọ orúkọ Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí o yọ ọ́." Ó sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ fi ìyẹn gbé ẹrù náà kúrò lórí mi. Kò kúrò.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dá àṣẹ padà fún wa. Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn ń wo ojú ẹ̀rọ bí mo ṣe ń wò ó láti àárọ̀, nóòdù kan yọ orí, ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá, ó di àwọ̀ ewé. Ìkejì. Ìkẹta. Àwọn kọ́ńténà gun orí wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí ojú ewé obìnrin Mùṣín náà. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, nọ́ńbà àpò nìyẹn, ó wà níbẹ̀ kedere láti ọjọ́ Àìkú.

Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó rẹ̀ ẹ́ lóhùn. Ó ní ọmọ ti jáde kí ẹ̀jẹ̀ tó dé, obìnrin ni, ó ké. Ìyá ló kù díẹ̀ kó lọ. Ẹ̀jẹ̀ ya púpọ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n ń fi omi sí i lára, nígbà tí ọkọ fi kúlà wọlé.

"Ká ní ó fi ìdajì wákàtí pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ," ó ní, kò sì parí rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ̀rọ ti ṣí. Mo ní ó ti ṣí mà. Ó ní, "Ó dáa," bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọdé tó mú omi wá nígbà tí iná ti kú tán.

Ọ̀sẹ̀ kan ó lé lẹ́yìn náà, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Ọkùnrin tó ń rán ìjókòó mọ́tò ni. Ó ti gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní ìyàwó òun ti wà nílé, pé ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́ ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun, pé àwọn ti sọ ọmọ lórúkọ, àwọn ò ṣe nǹkan ńlá, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n dárúkọ mi nínú àdúrà.

"Ẹ ò mọ̀ mí rí," ó ní, "ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀, ẹ bá mi rin nínú òjò. Mi ò lè gbàgbé."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Èmi ni mo ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́. Orúkọ kan ni mo yọ, tí kò yẹ kí n yọ. Òun ló jẹ́ kí ẹ sáré."

Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ tó ń lọ, tó ń dúró.

"Ẹ̀rọ ni, Àǹtí," ó ní. "Ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́. Tèmi náà ń bàjẹ́. Ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú."

Mo tún fẹ́ sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, kó lè yé e pé kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣàdúrà fún mi, ó ń dárúkọ ìlera, ó ń dárúkọ ọkọ rere, ó ń dárúkọ ọmọ, ó ń dúró lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè fèsì. Mo jókòó sídìí tábìlì mi ní Yábàá, mo sì ń ṣe àmín.